Ohun Pupa Tó Lẹ̀ Mọ́ Ẹ̀yìn Oyin

Kí àwọn èèyàn àfonífojì wa tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ bí Maeve Tranter bá wọlé, ọmọbìnrin tí ẹnikẹ́ni kì í kíyè sí ni. Edie, ìyá ìyá rẹ̀, ló tọ́ ọ dàgbà nínú ilé onípákó kan létí odò. Òun náà ló kọ́ ọ ní ìwé lórí tábìlì ìdáná, nítorí ilé ẹ̀kọ́ jìnnà, ojú sì máa ń ti ọmọ náà. Bí àlejò bá dé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni Maeve yóò dúró sí tí yóò máa gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà, tíì inú ife àlejò yóò sì tutù kí ó tó jáde wá kí i.

Kòkòrò nìkan ló máa ń mú un jáde. Bí ìgbà ooru bá ti wọlé, tí àwọn kòkòrò Kérésì aláwọ̀ wúrà bẹ̀rẹ̀ sí í forí sọ fèrèsé, tí àwọn tó ń han lórí igi ń han débi pé èèyàn kò gbọ́ rédíò mọ́, Maeve yóò gbé kámẹ́rà kékeré tí Edie rà fún un, yóò sì dojú bolẹ̀ nínú koríko láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi kan án látàrí. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwòrán rẹ̀ kì í dára. Ẹlẹ́ǹgà yóò ti fò, orúnkún rẹ̀ nìkan ni yóò kù nínú fọ́tò. Lámilámi yóò di òjìji aláwọ̀ búlúù. Ṣùgbọ́n tí ọ̀kan bá dúró sójú kan, tí irun ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn kedere, inú Maeve yóò dùn débi pé yóò gbàgbé oúnjẹ.

Nírọ̀lẹ́, Maeve a máa kó àwòrán wọn sí ojú ìwé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn tó fẹ́ràn kòkòrò jákèjádò Ọsirélíà ti máa ń bá ara wọn wá orúkọ wọn. Ibi tí wọ́n ti ya àwòrán a máa tẹ̀ lé e. Maeve a kọ orúkọ tó rò pé ó jẹ́, àwọn tó mọ̀ jù ú lọ a sì tún un ṣe. Ó máa ń ṣì í. Ó ti pe agbọ́n ní èèrà rí, ó ti pe èèrà ní agbọ́n. Ọ̀gbẹ́ni Pell, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní Adelaide, tí wọn kò tíì fojú kan ara wọn rí, ló máa ń dá a lóhùn jù. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń kọ sí i: "O sáré jù, ọmọ mi. Wò ó dáadáa kí o tó sọ ọ́ lórúkọ."

Báyìí ló ṣe dojú bolẹ̀ lọ́jọ́ kan lẹ́bàá ọgbà àwọn Kalligas, lábẹ́ igi yukalípítọ̀sì kan tó ń tanná. Oyin ni àwọn Kalligas ń sìn. Láti ayé bàbá àgbà wọn tó ti erékùṣù Gíríìkì wá ni àpótí oyin wọn ti wà lórí òkè yẹn, funfun ní ìlà-ìlà, bí ẹni tó fi eyín rẹ́rìn-ín sí odò. Lefteris, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ń bọ̀ láti ìdí àpótí nígbà tó rí ẹsẹ̀ méjì tó yọ jáde nínú koríko. Ó rò pé ejò ti bu obìnrin kan jẹ ni.

"Ṣé o ṣì wà láyé?" ló bi í.

"Má gbẹ́sẹ̀. O máa lé e lọ."

"Lé kí ni lọ?"

"Oyin yìí."

Lefteris rọra lóṣòó tì í. Ó wo ohun tó wà lórí òdòdó náà, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Èyí? Eṣinṣin nìyẹn."

Ojú ti Maeve, ṣùgbọ́n kò gbà. "Oyin ni. Wo ara rẹ̀."

"Aṣọ lo ń wò. Ìyẹ́ ni kí o wò. Mẹ́rin ni oyin ní, méjì péré ni tirẹ̀. Aṣọ oyin ló wọ̀ kí ẹyẹ má bàa gbé e mì. Kò lè ta ọmọ ọwọ́."

Maeve wò ó títí. Méjì ni lóòótọ́. Ó gbójú sókè láti dúpẹ́, ó sì rí i pé ọkùnrin náà kò wo eṣinṣin mọ́.

Láti ọjọ́ náà, Lefteris bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kòkòrò wá sílé Edie nínú ìgò oyin, ó ti dá ihò sí ìdérí kí wọ́n lè mí. Bí Maeve bá ya àwòrán wọn tán, wọ́n á jọ rìn lọ dá wọn padà síbi tí wọ́n ti wá, ìrìn náà a sì máa gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Bí oòrùn bá mú jù, tí ẹ̀yìn kòkòrò ń kọ mànà, òun ló máa ń di agboòrùn dúdú mú lé e lórí. Edie tó ń wò wọ́n láti fèrèsé sọ pé ọkùnrin tó bá lè di agboòrùn mú lé èèrà lórí láti àárọ̀ dọ̀sán, yálà òmùgọ̀ ni tàbí ìfẹ́ ti mú un, òun kò sì mọ èyí tó sàn.

Kí ìgbà ooru yẹn tó parí, Lefteris ti sọ fún Maeve pé òun fẹ́ ẹ. Maeve bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé ta ni òun, tí kò lè kí àlejò láìgbọ̀n, tí yóò wọ ilé tí ogún èèyàn ti ń jẹun pọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ó rò ó títí. Nígbà tó wá ṣí ẹnu, "bẹ́ẹ̀ ni" ló sọ, ohùn rẹ̀ sì kéré débi pé Lefteris ní kó tún un sọ.

Despina, ìyá Lefteris, kò fẹ́ gbọ́ ọ. Ọmọ Gíríìkì ló fẹ́ fún ọmọ rẹ̀, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbààwẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ó ní kí ni òun fẹ́ fi ọmọbìnrin tó ń dọ̀bálẹ̀ bá èèrà sọ̀rọ̀ ṣe. Thanasis, ọkọ rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ tóbi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ń jẹ búrẹ́dì rẹ̀ lọ.

Evanthia ló bá wọn dá sí i. Àbúrò Thanasis ni, opó tó ń ta ẹja díndín àti ọ̀dùnkún díndín lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá. Kò sí ìgbéyàwó Gíríìkì kan ní àfonífojì wa tí òórùn ẹja rẹ̀ kò kàn. Ó lọ, ó bọ̀, ó gbé ọ̀rọ̀ Despina wá fún Edie, ó gbé ti Edie padà, ó sì máa ń yọ ẹ̀gún inú rẹ̀ lójú ọ̀nà. Nígbẹ̀yìn, Despina ní òun gbà, bí Maeve bá máa wọ ìjọ àwọn.

"Wọ́n ti ri ọmọ yìí bọ omi rí," ni Edie wí. "Ṣé omi tiwa ò tutù tó ni?"

"Ó tutù, Màmá," Evanthia dáhùn. "Òróró mímọ́ ni ò sí ńbẹ̀."

Edie rẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí Evanthia lọ tán, ó pe Maeve jókòó. Ó ní ẹ̀gbẹ́ àwọn Kalligas ni òun ti gbé láti ìgbà tí òun wà lọ́mọge, èèyàn dáadáa ni wọ́n, wọn ò ní jẹ́ kí ebi pa á. "Ohun kan ni kí o mọ̀," ló sọ. "Bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ilé yẹn, wọn kì í béèrè pé kí ló bà á jẹ́. Ta ni wọ́n máa ń béèrè."

Maeve gbọ́. Ọ̀rọ̀ àgbà kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Evanthia ti sọ ohun mìíràn fún un tó dùn ju ìyẹn lọ. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, kí ìyàwó tó fẹsẹ̀ kan inú ilé ọkọ, ìyá ọkọ yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò sì fi ṣíbí bu oyin ilé náà sí i lẹ́nu kí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lè máa dùn nínú ilé. Despina ti yan ìgò kan sílẹ̀ nínú oyin ìgbà ìrúwé. Ó ti fi aṣọ funfun di ọrùn rẹ̀, ó sì gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ìgbàkigbà tí Maeve bá wá kí wọn, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Ìgò náà pọ́n bí ojú oòrùn ìrọ̀lẹ́. Wọ́n fi ìgbéyàwó sí ẹ̀yìn Àjíǹde.

Ìgbà ooru kejì wọlé pẹ̀lú ìròyìn burúkú. Wọ́n ti rí eégbọn oyin ní èbúté kan létí òkun. Ohun tín-ín-tín tó ń lẹ̀ mọ́ oyin lára tó sì ń mu ún gbẹ ni, kò sí ní ilẹ̀ wa tẹ́lẹ̀. Ìjọba fa ìlà pupa sórí àwòrán ilẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé àpótí oyin kọjá ìlà náà, ẹni tó bá sì rí eégbọn gbọ́dọ̀ pe nọ́ńbà kan. Ibi tí wọ́n bá ti rí i, gbogbo oyin ibẹ̀ ni wọ́n máa pa, aláìsàn àti alára líle.

Thanasis ní àpótí ní òdìkejì ìlà. Ọ̀dá ti mú ibẹ̀, kò sí òdòdó kan. Lójúmọ́ ọjọ́ kan, òun àti Lefteris kó wọn sínú ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n fi koríko gbígbẹ bò wọ́n, wọ́n sì gbé wọn sọdá wá sórí òkè. Lefteris fúnra rẹ̀ ló sọ fún Maeve, nítorí kò lè dá a gbé.

"Kí la fẹ́ ṣe? Ká fi wọ́n sílẹ̀ kébi pa wọ́n?" ló wí. "Bàbá mi mọ oyin rẹ̀. Kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n."

Maeve ní òun gbọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bó bá gba ẹ̀gbẹ́ àpótí wọn kọjá, ohùn oyin kò dà bíi tẹ́lẹ̀ létí rẹ̀ mọ́. Ó ń dún bí ìgbà tí àwọn èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá, tí wọ́n sì rẹ ohùn sílẹ̀ nítorí ẹnì kan ń bọ̀.

Lẹ́yìn Kérésì, Maeve ń ya àwòrán oyin ìgbẹ́ kékeré kan tó ní ìlà búlúù nídìí, lórí òdòdó tó wà lẹ́nu géètì Despina. Ó ti ń lé e fún ìgbà pípẹ́, kò rí i yà dáadáa rí. Lọ́tẹ̀ yìí ó dúró fún un. Oyin àwọn Kalligas kan wá bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tó ń tẹ kámẹ́rà, Maeve kò sì bìkítà. Nírọ̀lẹ́ ó fi fọ́tò náà sí ojú ìwé wọn, ó kọ orúkọ oyin ìgbẹ́ náà, Ọ̀gbẹ́ni Pell sì dáhùn pé kò ṣì í lọ́tẹ̀ yìí. Inú rẹ̀ dùn. Ó tún kà sísàlẹ̀.

"Oyin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Kí ni ohun pupa tó lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn yẹn? Jọ̀wọ́, sún un mọ́ mi."

Maeve fi ìka fẹ àwòrán náà. Ohun náà wà níbẹ̀, láàárín irun ẹ̀yìn oyin. Ó pẹlẹbẹ, ó ń dán, ó rí bí èèpo ẹ̀wà pupa. Ó gbé kámẹ́rà sílẹ̀, ó lọ fọ ọwọ́, ó sì padà wá wò ó. Ohun náà kò kúrò.

Ní àárọ̀, ó lọ bá Lefteris nínú àká níbi tí wọ́n ti máa ń fún oyin. Ó fi hàn án. Ọkùnrin náà wò ó pẹ́, lẹ́yìn náà ó lọ ti ilẹ̀kùn àká.

"Ta ló ti rí i?"

"Ọ̀gbẹ́ni Pell. Ó ní kí n sún un mọ́ òun."

"Lẹ́búlẹ́bú òdòdó tí oyin ń rù ni. Kọ ọ́ sí i pé lẹ́búlẹ́bú òdòdó ni."

"Lefteris, wò ó. Ó ní ẹsẹ̀."

Ó jókòó sórí agbá òfìfo kan, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó sọ fún un pé bí èyí bá jáde, wọ́n á sun gbogbo rẹ̀, wọ́n á sì béèrè bó ṣe débẹ̀, wọ́n á sì mọ̀ nípa ọkọ̀ akẹ́rù. Bàbá òun kò ní yè é. Ìyá òun kò sì ní gbà kí ọwọ́ tó ya fọ́tò náà wọ òrùka ilé àwọn láé. Maeve ní bóyá òun tilẹ̀ ṣì í. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀.

"O máa ń ṣì í," ni Lefteris wí jẹ́ẹ́. "Gbogbo wọn mọ̀ pé o máa ń ṣì í. Ṣì í lẹ́ẹ̀kan sí i. Nítorí tèmi."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Maeve kọ ọ́ sí Ọ̀gbẹ́ni Pell pé lẹ́búlẹ́bú òdòdó ni, ó sì pa àwòrán náà rẹ́. Èsì kúkúrú kan padà wá: "Bóyá." Ọkùnrin tó máa ń kọ lẹ́tà gígùn lórí ẹsẹ̀ èèrà kò sọ ju ìyẹn lọ.

Maeve kò gbé kámẹ́rà jáde mọ́. Edie bi í bóyá kámẹ́rà ń ṣàìsàn. Ó ní ooru ló pọ̀. Wọ́n ń rán aṣọ ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Evanthia ń gún un ní abẹ́rẹ́ káàkiri ìbàdí, ó ń sọ pé èèyàn tínrín kò dùn ún rán aṣọ fún, kó jẹ ẹja díẹ̀ sí i. Gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún, Maeve á jáde kúrò nínú yàrá.

Lórí òkè, oyin bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Wọn kò kú lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ń jáde láti inú àpótí pẹ̀lú ìyẹ́ tó ti rún bí ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀, wọ́n ń rìn nílẹ̀, wọ́n ń gun koríko, wọ́n ń já bọ́, wọ́n tún ń gùn ún. Thanasis fi bàtà gbá wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní ooru ni. Nígbà tí Lefteris la ẹnu lójú Maeve, bàbá rẹ̀ kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. "Lẹ́yìn ìgbéyàwó," ló wí, "a ó wò ó."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí bàbá rẹ̀ lọ sí ìlú, Lefteris pe Maeve wá sórí òkè. Ó fi ife bu oyin alààyè láti inú àpótí sínú ìgò, ó da ṣúgà lẹ́búlẹ́bú lé wọn lórí, ó fi àwọ̀n bo ẹnu ìgò náà, ó sì mì ín títí gbogbo oyin fi funfun bí ọmọ tó bọ́ sínú ìyẹ̀fun. Lẹ́yìn náà ó yí i dé, ó gbọn ṣúgà náà sórí bébà funfun láti mọ ohun tó já bọ́ lára wọn. Wọ́n tẹ̀ ba, orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, bí ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú koríko.

Ṣúgà náà dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í mìra. Ohun pupa kan yọ nínú rẹ̀, ó ń rìn. Òmíràn tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tí bébà náà fi kún fún wọn, wọ́n ń wá ara tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́.

Lefteris ká bébà náà, ó fi iná sí i. Maeve fi ọwọ́ kàn án léjìká.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó wọ aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀ dé nínú ọ̀sẹ̀ yẹn. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún Thanasis. Wọ́n ṣí àpótí, wọ́n gbọn ṣúgà, wọ́n ní kó má bínú. Wọ́n dúró di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo oyin bá ti ti oko dé, kí ọ̀kan má bàa ṣẹ́ kù. Lẹ́yìn náà wọ́n di ẹnu àwọn àpótí, wọ́n sì da bẹntiróòlù sí wọn láti òkè. Ohùn oyin ga sókè kan, ohùn tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́ rí. Lẹ́yìn náà kò sí nǹkan kan mọ́. Àwọn kòkòrò orí igi pàápàá ti dákẹ́.

Gbogbo ìdílé dúró ní àgbàlá. Thanasis bi wọ́n léèrè ẹni tó pè wọ́n. Wọ́n ní àwọn kì í sọ. Wọ́n bi òun náà bí eégbọn ṣe dé ibẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀. Nígbà tí wọ́n lọ, Despina yíjú sí Maeve, kò wo ibòmíràn.

"Kámẹ́rà yẹn ni," ló wí.

Thanasis rìn wá síwájú Maeve. Ojú rẹ̀ ti rọ̀ bí ojú arúgbó. "Ọmọ mi, mi ò ní lù ẹ́. Jẹ́ kí n mọ̀. Ṣé ìwọ ni?"

Maeve kò tíì dá ẹnikẹ́ni lóhùn láàárín èrò rí. Ó ṣí ẹnu láti sọ pé kì í ṣe òun. Ojú rẹ̀ bá ti Lefteris pàdé. Ọkùnrin náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó funfun bí oyin inú ṣúgà, ó ń wò ó. Kò mi orí. Kò ṣẹ́jú. Nígbà náà ni Maeve mọ ẹni tó pe nọ́ńbà yẹn.

Ó dúró kí ọkùnrin náà sọ̀rọ̀. Gbogbo àgbàlá ń retí ìdáhùn Maeve, Maeve sì ń retí Lefteris. Evanthia bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún díẹ̀díẹ̀.

"Inú fọ́tò mi ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i," ni Maeve wí.

Thanasis mi orí, ó sì wọlé lọ.

Kó tó di ọjọ́ kejì, Lefteris ti wà lẹ́nu géètì Edie, ojú rẹ̀ wú. Ó ní òun kò lè máa wò wọ́n kí wọ́n máa rìn nílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní eégbọn náà máa dé ara oyin àwọn ará àfonífojì tó kù, ẹnì kan gbọ́dọ̀ pè. Maeve ní òótọ́ ni, ó ṣe ohun tó dára. Lẹ́yìn náà ó ń retí ìyókù ọ̀rọ̀ náà.

"Bí bàbá mi bá mọ̀ pé èmi ni, yóò kú," ni Lefteris wí. "Ìwọ, wọ́n á bínú sí ẹ, á tán. Èmi ọmọ rẹ̀ ni."

"Ìgbà wo lo máa sọ fún un?"

"Lẹ́yìn ìgbéyàwó. Mo ṣèlérí fún ẹ. Lẹ́yìn ìgbéyàwó."

Ohùn Thanasis ni Maeve gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n Lefteris ti fi ọwọ́ tó máa ń di agboòrùn mú lé e lórí di ọwọ́ rẹ̀ mú, Maeve sì gbà á gbọ́, tàbí kó jẹ́ pé ó fẹ́ gbà á gbọ́.

Ó rò pé wọ́n á fọ́ ìgbéyàwó náà. Evanthia ló wá jábọ̀, kò sì rí ẹ̀gún kankan yọ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní Thanasis sọ pé òun kì í yẹ àdéhùn. Ó ní Despina sọ pé ìjọba ṣì ń béèrè ibi tí eégbọn náà ti wá, ọmọbìnrin náà sì mọ̀ nípa ọkọ̀ akẹ́rù. Ó ní ẹni tó bá mọ̀ tó bẹ́ẹ̀, inú ilé ni kó wà.

Edie gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí Evanthia padà lọ sọ fún wọn pé Maeve kò lọ mọ́. Nígbà tí Maeve ní òun máa lọ, ìyá àgbà náà wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

"Ìwọ kọ́ lo pè wọ́n," ni Edie wí. "Èmi ni mo tọ́ ẹ. Ìwọ ò lè pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù."

Maeve bẹ̀rẹ̀ sí í kó ife tíì nílẹ̀. Edie kò sì bi í ní ẹni tó pè wọ́n. Ó fà á mọ́ra, ó sì ní ilẹ̀kùn òun kò ní kọ́kọ́rọ́ fún un.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà lẹ́yìn Àjíǹde bí wọ́n ṣe dá a. Àlùfáà ta òróró sí i níwájú orí, ó fi ọ̀já funfun so adé ìyàwó tó wà lórí rẹ̀ mọ́ ti Lefteris bí àṣà ìjọ wọn, ó sì mú wọn yí tábìlì ká. Àwọn èèyàn jẹun, wọ́n jó díẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ oyin. Ní gbogbo ìgbà tí Lefteris bá dìde, Maeve á rò pé yóò sọ ọ́ báyìí. Ọtí ló ń lọ bù fún bàbá rẹ̀.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí wọ́n gun òkè dé ilé. Ibi tí wọ́n ti sun àwọn àpótí ti di ìlà dúdú lórí koríko. Despina ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ṣíbí fàdákà. Lẹ́yìn èjìká rẹ̀, nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, Maeve rí ìgò náà. Ó kún dé ẹnu, aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń tàn.

Despina na ọwọ́ sórí pèpéle ẹnu ọ̀nà, ó sì mú ike oyin kan, irú èyí tí wọ́n ń tẹ̀ ní ìdí, tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ìlú. Iye owó rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú ṣíbí, ó rọra, kò jẹ́ kó kán sílẹ̀, ó sì gbé e sí ẹnu ìyàwó ọmọ rẹ̀.

"Èyí ni oyin tó kù fún ẹ nílé yìí," ló wí. "Gbé e mì."

Maeve gbé e mì. Ó dùn, kò ní òórùn òdòdó kan. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà wọ aṣọ dúdú tó dára, wọ́n fi òdòdó sí i láyà, ó ń wo ìsàlẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì pa dé. Eṣinṣin kan aláwọ̀ oyin fò wá, ó bà lé òdòdó náà lórí, ó na ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Maeve kò wò ó. Ojú Lefteris ló ń wò, ó fara balẹ̀, bí ó ṣe máa ń wo ohun tó bá wà níwájú kámẹ́rà rẹ̀, láìmí, ó ń wá ohun tí yóò fi mọ̀ ọ́n.

Maeve ti sáré jù, bí Ọ̀gbẹ́ni Pell ti máa ń wí; kò wò ó dáadáa kó tó pè é ní ọkọ. Ó wọlé, Despina sì ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀.